Àkànní, Bàbá Àgbà ò gbádùn

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Òtútù Manchester ńkọ́? Mo mọ̀ pé o máa ní ó ti mọ́ ọ lára, irọ́ ni. Bàbá Ìbejì tún bí ìbejì. Lánlọ́ọ̀dù tún fowó lé owó ṣọ́ọ̀bù. Ìyá onímọ́ínmọ́ín ní gbèsè rẹ ṣì wà nílẹ̀.

Bàbá Àgbà ò gbádùn. Má fò sókè, kò tíì kú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń ṣe bí ẹni tí ibà ń dé sí: láàárọ̀ á ṣiṣẹ́ dáadáa, tó bá di ọ̀sán, Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà wa náà á ní òun ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́, kíkà nìkan ni òun yọ̀ǹda. Mo wo dmesg, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ, I/O error (àṣìṣe kíkà àti kíkọ) kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Háàdì díìsì ni mo kọ́kọ́ bú. Mo pààrọ̀ okùn SATA tó so ó mọ́ ẹ̀rọ, pàbó.

Smartctl tó ń yẹ ìlera díìsì wò ló tú àṣírí. O rántí Power-Off_Retract_Count, iye ìgbà tí iná já mọ́ díìsì lójijì? Ó fi 41 lé sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà ò kú rárá lọ́jọ́ ọ̀hún, uptime tó ń ka iye àkókò tí ẹ̀rọ ti wà lórí iná jẹ́rìí sí i. Ta ló wá ń pa iná mọ́ díìsì lójú? Mo ti mítà bọ wáyà yẹ́lò. Ibi tó yẹ kó jẹ́ volt 12, tí kò gbọdọ̀ relẹ̀ ju 11.4 lọ, 11.0 ni mo bá nígbà tí díìsì méjèèjì jọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo tú power pack tó ń fún ẹ̀rọ níná (mo jẹ́ kí iná inú rẹ̀ gbẹ ná, mi ò gbàgbé ọjọ́ tó gbé ọ ṣánlẹ̀). Kapásítọ̀ mẹ́ta ti wú bí ikùn àkèré. Èyí tá a rà ní pọ́ọ́kú yẹn ni o, tí o ní yóò gbé wa dé ibi tá à ń lọ. Ó gbé wa dé.

Mo ra tòkunbọ̀ mìíràn ní Ìkẹjà, iná dúró ní 12.1. Mo jó. Ijó náà ò pẹ́.

Díìsì àkọ́kọ́ ti fara gbọgbẹ́: Current_Pending_Sector, iye ojú ibi tí kò ṣeé kà mọ́, 24. Mi ò jẹ́ fi fsck tó ń tún ètò fáìlì ṣe kàn án, ddrescue tó ń kó ohun tó kù lórí díìsì aláìsàn ni mo fi ń da gbogbo rẹ̀ kọ sórí tuntun. Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, bátìrì UPS sì ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n mapfile ń rántí ibi tó bá iṣẹ́ dé, ibẹ̀ náà ló sì ń bá a lọ tíná bá dé. Ọjọ́ méjì àbọ̀. Nínú odidi 500 GB, ohun tí kò ṣeé kà ò ju 12 KB lọ.

Àkànní, inú 12 KB yẹn ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Fáìlì tó máa ń ṣí díìsì kejì ni mò ń wí. Díìsì kejì fúnra rẹ̀ le koko, ó kàn tì pa ni, LUKS tó tì í ò sì mojú ẹnikẹ́ni. O mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ohùn Màmá. Oríkì tí wọ́n kì ọ́ lọ́jọ́ tí ò ń lọ, tí o ní kí n bá ọ tọ́jú, pé o ò tíì lè gbọ́ ọ. Ọdọọdún ni mò ń sọ pé màá ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Mi ò ṣe é. Bú mi, ó tọ́ sí mi.

Ṣé o rántí ọ̀rọ̀ aṣínà tí o tẹ̀ sí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tó lè ṣí i láìsí fáìlì náà? O lé mi síta kí n má bàa rí i. Mo ti dán orúkọ ọmọge Ṣàngó yẹn wò, mo tún fi nọ́ńbà ilé wọn sí i, kò ṣí. Má kọ ọ́ sórí WhatsApp o. Pè mí lálẹ́ Sunday, lẹ́yìn aago 9. Mo ti ra díìsì méjì sílẹ̀ de ẹ̀dà.

Èmi ni,
Àlàbí