Ta Ló Ń Ṣọ́ Ọjọ́ Tí Ìkànnì Ìjọba Yóò Kú?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tó ń bí mi nínú. Ìkànnì tí iléeṣẹ́ ìjọba kan ní kí àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ti lọ gba fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ti di ilé tẹ́tẹ́. Mo tẹ àdírẹ́ẹ̀sì náà sórí fóònù mi gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú lẹ́tà, àwòrán bọ́ọ̀lù àti owó dọ́là ló yọ sí mi. Wọ́n ní kí n wá ta tẹ́tẹ́. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi na ọmọ ọlọ́mọ nítorí tẹ́tẹ́!

Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ tún gbìyànjú lálẹ́."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ́ o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà bá mi yẹ àkọsílẹ̀ àwọn orúkọ ìkànnì tí wọ́n ń pè ní WHOIS wò, èyí tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ pé wọ́n fi orúkọ náà sílẹ̀, àìpẹ́ yìí ni, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí iléeṣẹ́ yìí ti ń lò ó. Ọ̀rọ̀ ò fara sin mọ́: wọn kò sanwó, orúkọ kú, ẹni tó ń dọdẹ irú rẹ̀ sì gbé e lọ. Orúkọ ìkànnì kì í ṣe ohun tí à ń rà pa. Bí ṣọ́ọ̀bù tí a háyà ni: ọdún pé, o san, tàbí kí o kó ẹrù rẹ jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé òjijì ló bá wọn. Fún orúkọ tó bá parí sí .com bíi tiwọn, òfin ICANN, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ yìí lágbàáyé, ni pé kí ẹni tó ta orúkọ fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ nígbà tó bá ku nǹkan bí oṣù kan, kó tún fi ránṣẹ́ nígbà tó bá ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kó sì tún ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ 5 tó bá kú tán. Bí wọ́n bá tilẹ̀ wá pa á rẹ́, ọjọ́ 30 ṣì wà tí ẹni tó ni orúkọ tẹ́lẹ̀ fi lè san owó gọbọi rà á padà. Ní gbogbo àkókò yìí, ta ló ń ṣọ́ ọjọ́ náà?

Mo mọ ibi tí ìkìlọ̀ máa ń lọ. Inú ímeèlì agbaṣẹ́ṣe tó bá wọn ṣe ìkànnì ni, tí wọn ò san owó rẹ̀ tán. Tàbí ti ọ̀gá tí wọ́n ti gbé lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Èyí tó burú jù ni kó máa lọ sínú ímeèlì tó ń lo orúkọ náà gan-an. Bí orúkọ bá ti kú, ímeèlì kú nìyẹn. Ẹni tó bá sì ra orúkọ lè máa gba lẹ́tà tí àwọn àgbàlagbà ṣì ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì àti BVN wọn. Ṣé àwọn tó ń jókòó lórí àga ìjọba mọ èyí?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ṣe wọ́n jẹ́jẹ́, pé Microsoft pàápàá gbàgbé láti sanwó passport.com, orúkọ tí ímeèlì wọn, Hotmail, ń gbà wọlé, lóṣù Kejìlá ọdún 1999, tí àwọn tó ń lo Hotmail kò sì rí ọ̀nà wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí i nígbà náà fi dọ́là 35 tirẹ̀ bá wọn san án. Àwa, onítẹ́tẹ́ ló rí tiwa.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò le: rẹ́jísítà. Kí iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìwé ńlá kan, bí èyí tí a fi ń pe orúkọ ọmọléèwé. Kí wọ́n kọ orúkọ ìkànnì sí i, ibi tí wọ́n ti rà á, orúkọ ẹni tó wà lórí rẹ̀, ímeèlì tí ìkìlọ̀ ń lọ, àti ọjọ́ tí yóò kú, kí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ìyẹn. Kí akọ̀wé àgbà àti akáǹtáǹtì jọ máa fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, kí wọ́n kà á sókè nípàdé. Bí wọ́n bá gbé òṣìṣẹ́ lọ, kó fi ọ̀rọ̀ aṣínà sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i níwájú ẹni tó ń gbapò rẹ̀, bó ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sílẹ̀. Ó dá mi lójú pé rẹ́jísítà kan ṣoṣo yóò ṣe ohun tí kọ̀ǹpútà olówó ńlá wọn ò ṣe.

Wọ́n tún lè san ti ọdún 10 lẹ́ẹ̀kan; .com gba bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sì kó lọ sórí orúkọ tó parí sí .gov.ng, tó jẹ́ ti ìjọba Nàìjíríà, tí kì í ṣe fún onítẹ́tẹ́.

Ní báyìí, gbèdéke fọ́ọ̀mù náà ń bọ̀. Kí wọ́n sún un síwájú, kí wọ́n sì gba fọ́ọ̀mù oníwèé lọ́wọ́ wa.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan