Ẹ Bi Wọ́n Léèrè Iṣẹ́ Wọn Kí Ẹ Tó Fi Lẹ́ńsì Sí Wọn Lójú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bá àwọn dókítà ojú wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sọ̀rọ̀ lórí lẹ́ńsì tí wọ́n ń fi sínú ojú ẹni tí wọ́n bá yọ kátárátì, ìyẹn lẹ́ńsì àbínibí tó ti ṣú nínú ojú, fún. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe, ọpẹ́ wọn kò ṣeé dá tán. Kí Harold Ridley, dókítà ojú ará Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ́kọ́ fi lẹ́ńsì sínú ojú èèyàn ní London lọ́dún 1949, gíláàsì tó nípọn bí ìdí ìgò ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbé sójú títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Àǹtí mi, aránṣọ ni, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ayọ̀ ni. Léèsì ẹgbẹ́ tó ń rán fún Ojúde Ọba, èyí tó ti ń pè ní àwọ̀ mílíìkì, funfun báláú ló rí i! Kátárátì máa ń pọ́n rúsúrúsú nínú ojú, gbogbo ohun téèyàn bá wò á sì gbàwọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ìgbà tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, kò rí ihò abẹ́rẹ́. Ó pọ́n òwú létè, ó tì í, ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń gbà kọjá. Ó ní wọ́n ti ba ojú òun jẹ́.

Wọn ò bà á jẹ́. Lẹ́ńsì àtọwọ́dá kì í sún kì láti rí ìtòsí bíi ti àbínibí nígbà èwe. Ibì kan ṣoṣo ni èyí tó wọ́pọ̀ ń mú kó hàn kedere, ọ̀ọ́kán ni wọ́n sì sábà máa ń wọ̀n ọ́n sí. Gíláàsì ìkàwé ló kù fún un, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún un tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà tí wọ́n ń wọn ẹyinjú rẹ̀, wọ́n lè yan èyí tó ń rí ìtòsí, kó máa wá fi gíláàsì wo ọ̀ọ́kán. Èyí tó ń rí ìtòsí àti ọ̀ọ́kán pọ̀ wà, owó rẹ̀ ga, ó sì lè jẹ́ kí iná ní òrùka lálẹ́. Mi ò ní gba awakọ̀ tó ń fòru sáré lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin nímọ̀ràn rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí. Lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún mélòó kan, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó gba lẹ́ńsì dúró lè ṣú, ojú á tún máa ṣe bàìbàì. Àwọn èèyàn wa á ní kátárátì ti padà, wọn á sì máa kìlọ̀ fún ẹlòmíì pé kó má lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti kátárátì sẹ́yìn nínú ojú ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ, ọ̀pọ̀ ló sì ti ibẹ̀ fọ́ lójú pátápátá. Bẹ́ẹ̀, iná lésà ni wọ́n fi ń la awọ yẹn, kì í gba ìṣẹ́jú púpọ̀, wọn ò ní í fọ̀bẹ kàn án.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí wọ́n kọ gbogbo èyí sílẹ̀ lédè Yorùbá, kí nọ́ọ̀sì kà á fún aláìsàn àti ọmọ tó bá mú un wá, kó tó tẹ̀ka síwèé iṣẹ́ abẹ.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín, Ìjẹ̀bú-Òde