Ẹ yé kọ "immature" sórí káàdì ọmọdé

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde torí àwọn tíṣà àti òbí tó wà l'Óṣogbo níbí.

Ripọ́ọ̀tì káàdì ọmọ àbúrò mi dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí wọ́n ti máa ń fi 1 dé 5 díwọ̀n ìmọ́tótó àti ìwà, tíṣà kọ "immature" sábẹ́ ẹ̀, ìyẹn pé ìwà ẹ̀ ò tíì dàgbà. Ọmọ ọdún 8! Ìyá ẹ̀ rò pé wọ́n ní orí ọmọ òun ò pé ni, ló bá jágbe mọ́ ọmọ, ọmọ yẹn ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí, inú èdè Látìn ló ti wá. "Maturus" làwọn ará Róòmù ń pe èso tó ti pọ́n àti ohunkóhun tó bọ́ sásìkò ẹ̀ gẹ́lẹ́, "im" tó wà níwájú ẹ̀ ló sọ ọ́ di èyí tí ò tíì pọ́n. Nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ṣáájú ọdún 1600, ikú ni wọ́n sábà ń fi sọ, ikú àìtọ́jọ́ táwa náà máa ń gbàdúrà lòdì sí. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ àsìkò ni, kì í ṣe èébú. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó máa fi bá àgbà tó ń hùwà ọmọdé wí.

Ìyẹn náà mo gbà o. Ẹni ogójì ọdún tó ń la ohùn mọ́ọ̀yàn ní báńkì torí wọ́n ní kó tò sórí ìlà, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún 8, ìgbà wo ló fẹ́ ti pọ́n? Gẹ̀ẹ́sì kan náà ní "puerile", tí wọ́n fi ń bá ẹni tó ń ṣe bí ọmọdé wí, ara "puer" ti Látìn ló ti jáde, ìyẹn ọmọkùnrin kékeré, kò sì sí tíṣà tó máa kọ ìyẹn fún ọmọdé torí ọmọdé náà kúkú ni, kí ló wá dé tí "immature" fi rọrùn láti kọ?

Nígbà tí a béèrè, ohun tí tíṣà ní lọ́kàn ò ju pé tẹ́nìkan bá mú pẹ́ńsù ẹ̀, ẹkún ló máa ń sun. Ká ní ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìyá ẹ̀ ì bá mọ ohun tó máa kọ́ ọ nílé.

Ẹ̀yin tíṣà wa, mo mọ̀ pé ọmọ pọ̀ ní kíláàsì yín, àyè tí wọ́n sì fún yín lórí káàdì yẹn kéré, ẹ ṣáà kọ ohun tí ọmọ ṣe gan-an. Tẹ́ ẹ bá fi Yorùbá kọ ọ́, a máa kà á.

Òǹkàwé yín,
Òkè-Fìà, Òṣogbo