Ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù, ẹ wádìí tẹ́náǹtì kẹ́ ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síta fáwọn onílé, torí ẹjọ́ kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu wọn ṣáá, pé tẹ́náǹtì ò sanwó, pé ó ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, pé ó ti kó èrò rẹpẹtẹ sínú yàrá kan, tí wọ́n bá sì ní kó jáde á ní ká pàdé ní kóòtù. Téèyàn bá wá bi wọ́n pé ibo ni tẹ́náǹtì yìí ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ajẹ́ńtì ló mú un wá.

Ajẹ́ńtì kẹ̀! Ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ tí tẹ́náǹtì bá sanwó ni kọ̀mísọ́nnì tiẹ̀ náà ń wọlé, kí ló fẹ́ máa wádìí sí? Mi ò ní gbogbo wọn ni o, àwọn tó mọṣẹ́ wà, àmọ́ tó bá di wàhálà, onílé ló máa jìyà ẹ̀.

Torí pé gbàrà tẹ́ ẹ bá ti fún èèyàn ní kọ́kọ́rọ́, ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin ti dúró tì í nìyẹn, ẹ ò kàn lè já iná ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ yọ ilẹ̀kùn, ẹ máa fún un ní nótíìsì, ọjọ́ nótíìsì á pé, ẹ ó wá lọ kóòtù, adájọ́ á sún ẹjọ́ síwájú, lọ́yà ń gbowó, ẹni yẹn ṣì ń sùn nínú ilé yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó fún tẹ́náǹtì ní kọ́kọ́rọ́, ẹ wo iṣẹ́ ẹ̀ àti owó tó ń wọlé fún un. Àwọn onílé kan máa ń sọ pé kí owó oṣù ẹni náà tó ìlọ́po mẹ́ta owó ilé oṣù kan, àmọ́ oníṣòwò ò ní owó oṣù, sítétímẹ́ǹtì báǹkì oṣù mélòó kan á fi hàn bóyá owó ń wọlé fún un déédéé. Lẹ́tà iṣẹ́ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́ kó lu òǹtẹ̀ sí i, nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀ sì lè jẹ́ ti ọ̀rẹ́ ẹ̀, ẹ fúnra yín wá nọ́ńbà ọ́fíìsì náà níbòmíì kẹ́ ẹ pè wọ́n.

Èyí tọ́pọ̀ èèyàn ò sì rò: onílé ibi tó ń gbé báyìí lè parọ́ fún yín. Tó bá jẹ́ tẹ́náǹtì burúkú ni, bó ṣe máa kúrò nílé òun lonílé yẹn ń wá, á yìn ín títí, á ní ọmọlúàbí ni! Onílé tó gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ ṣáájú ìyẹn ni kẹ́ ẹ wá kàn, torí kò sóhun tó ń bá a dù mọ́. Ẹ bi í pé tó bá padà wá lónìí, ṣé ẹ máa gbà á?

Àmọ́ ẹ má sọ ìwádìí di ìyà o. Ẹ̀sìn ẹ̀, ẹ̀yà ẹ̀, bóyá obìnrin tí ò lọ́kọ ni, kí ló kàn yín ńbẹ̀? Ohun tẹ́ ẹ bá bi ẹnì kan, kẹ́ ẹ bi gbogbo wọn, kẹ́ ẹ sì tọ́jú káàdì ìdánimọ̀ wọn dáadáa, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa jù sórí WhatsApp.

Èyí tó bá sì ń kánjú, tó ní òun fẹ́ san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ má béèrè nǹkan kan, kóun kó wọlé lálẹ́ òní, ẹ sọ fún un pé kó máa lọ ná, ẹ ó pè é tẹ́ ẹ bá wádìí tán.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.