Ẹ kágò kí ẹ tó wọlé onílé

Ẹ̀yin ọmọ mi l'Ábẹ́òkúta,

Ọdún 44 rèé tí mo ti ń fa wáyà iná sílé àwọn ènìyàn nílùú yìí, láti Ìtòkú dé Ìbarà, láti ilé alámọ̀ tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà dé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn olówó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi tó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìlú wa, gbé ohun kan wá hàn mí, bẹ́ẹ̀lì ẹnu ọ̀nà tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ń ṣe. Kámẹ́rà wà lára rẹ̀. Bí àlejò bá tẹ̀ ẹ́, fóònù onílé á dún, onílé á rí ojú ẹni tó dé, á sì bá a sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ pé ọjà Kútọ̀ ló wà. Inú mi dùn débi pé oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan tí wọn kò rí dáhùn, òun ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Yàtọ̀ sí onílé, ta ló tún ń rí àwòrán yẹn?

Wọ́n ní Ring, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe irú bẹ́ẹ̀lì oníkámẹ́rà bẹ́ẹ̀, làwọn fẹ́ jọ. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí Ring gbà dé ibi tó dé. Jamie Siminoff, ọmọ Amẹ́ríkà, ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì ilé rẹ̀, kì í sì í gbọ́ bí àlejò bá tẹ bẹ́ẹ̀lì. Ó wá ṣe èyí tó ń pe fóònù rẹ̀, ó sọ ọ́ ní DoorBot. Lọ́dún 2013 ó gbé e lọ sórí ètò tẹlifíṣọ̀n Shark Tank, ó ní kí àwọn olówó ibẹ̀ fún òun ní 700,000 dọ́là, kí wọ́n gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ òun. Ẹnì kan ṣoṣo ló dá a lóhùn, àdéhùn tí ẹni náà sì mú wá kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọwọ́ òfo ló bá jáde. Ṣùgbọ́n àwọn tó wò ó nílé bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Lọ́dún 2014 ó tún un ṣe, ó yí orúkọ rẹ̀ sí Ring. Nígbà tó di 2018, Amazon rà á ní owó tí wọ́n ní ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n pè é padà sórí ètò kan náà, pé kó wá jókòó láàárín àwọn olówó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé wàhálà ilé ara rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló ń dààmú ìyá yín nílé? Màá sọ ọ̀kan tí mo fojú ara mi rí. Ènìyàn ń lọ aṣọ lọ́wọ́, wọ́n mú iná lọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó gbàgbé láti pa súìṣì, ó jáde. Wọ́n dá iná padà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nílé. Mo ti wọ yàrá mẹ́rin tó jóná báyìí, wọ́n ní kí n wá fa wáyà tuntun sí i, òórùn èéfín ṣì wà lára ògiri. Ẹ ṣe súìṣì tí kò ní jẹ́ kí iná wọ áyọ́ọ̀nù padà àfi bí ẹnìkan bá tún un tẹ̀. Kò nílò dátà, kò nílò kámẹ́rà. Màá bá yín tà á láti ilé dé ilé.

Bí ó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀lì náà lẹ fẹ́ ṣe, ẹ gbọ́ èyí. Àgò ni bẹ́ẹ̀lì. Àlejò á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní "Àgò onílé o!" Bí ará ilé bá ní "Àgò yà," ó wọlé. Bí wọn kò bá dáhùn, ó padà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Láfẹ́nwá, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kì í jẹ́ ká wò kọjá wáyà bí a bá wọ yàrá onílé. Ó ní ohun tí ojú rẹ bá rí níbẹ̀, ibẹ̀ ni kó o fi í sí.

Lọ́dún 1998, ọmọ iṣẹ́ mi kan rí nǹkan nínú yàrá obìnrin kan, ó lọ ń ròyìn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mutí. Kò jí abẹ́rẹ́. Obìnrin náà kò tún jẹ́ kí n tẹ ilé òun mọ́ títí ó fi kú. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ti gbọ́, kí n máa lọ. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ẹnikẹ́ni kò fi pè mí níṣẹ́ ládùúgbò yẹn. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Irú rẹ̀ ló dé bá Ring. Lọ́dún 2023, àjọ FTC tó ń jà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan ilé iṣẹ́ náà pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láyè láti wo fídíò inú ilé oníbàárà, àti pé lọ́dún 2017 ọ̀kan nínú wọn wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún fídíò àwọn obìnrin tó gbé kámẹ́rà sí yàrá àti balùwẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ní àwọn kò rú òfin, síbẹ̀ wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 5.8 dọ́là. Lọ́dún yẹn kan náà ni Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ tó ń dáàbò bo dátà aráàlú. Ẹ wá a, ẹ kà á, kí ẹ tó ta bẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo.

Ẹ ti àwòrán náà pa kó jẹ́ fóònù onílé nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa wà nínú káàdì kékeré nílé onílé, kó má wà lórí kọ̀ǹpútà yín. Bí ẹ kò bá lè wò ó, ẹnikẹ́ni kò ní lè fi owó ra ojú yín.

Ẹ má sì ta ohun tó máa kú bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ kan wà tó ń jẹ́ Revolv, 300 dọ́là ni wọ́n ń tà á, òun ló ń darí iná àti ìlẹ̀kùn ilé láti orí fóònù. Ilé iṣẹ́ Nest, tí Google rà ní bílíọ̀nù 3.2 dọ́là, ra Revolv lọ́dún 2014. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2016, wọ́n pa kọ̀ǹpútà ọ̀dọ̀ wọn tó ń gbé e ṣiṣẹ́, gbogbo ẹ̀rọ tí àwọn ènìyàn ti fowó wọn rà sì dákẹ́. Ohunkóhun kò bàjẹ́ lára rẹ̀ o. Súìṣì tí mo dè mọ́ ògiri kan n'Íbarà lọ́dún 1986 ṣì ń tan iná títí di àná.

Bí àkọ́kọ́ bá ti ṣe tán, ẹ gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Èmi fúnra mi ni màá fa wáyà rẹ̀, màá sì san owó rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n kí n tó gun àkàbà, ẹ kọ́kọ́ fi ibi tí n ó ti máa pa ojú rẹ̀ dé hàn mí.

Èmi ni bàbá yín, oníṣẹ́ iná.