Kí Ìjọ Yé Fi Ẹ̀ṣẹ̀ Àná Sọ Ènìyàn Lórúkọ

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun. Inú mi yóò dùn bí ẹ bá lè fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ lórí àṣà kan tí ó ti fìdí múlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, tí àwa ọmọ ìjọ sì ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ kí ó rí. Àṣà náà ni ti fífi ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn ti ronú pìwà dà kúrò nínú rẹ̀ ṣe orúkọ fún un. Bí ìsọjí bá ń bọ̀, àwọn olùṣètò yóò gbé àwòrán oníwàásù sára pátákó, wọn yóò sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olórí ẹgbẹ́ òkùnkùn ni nígbà kan rí, tàbí pé ògbólógbòó adigunjalè ni kí ó tó gba Jésù. Bí arábìnrin kan bá jáde láti jẹ́ ẹ̀rí, ẹni tí ó ń darí ètò yóò ti sọ iṣẹ́ aṣẹ́wó tí ó ṣe kí òun fúnra rẹ̀ tó la ẹnu. Bí ó bá di ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, tí a ń wá ẹni tí yóò ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ẹnì kan kò ní ṣàì yọ́ ọ sọ pé, "Ṣé èyí tó ṣe aṣẹ́wó nígbà yẹn náà?"

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa ní òwe kan tí ó jọ pé ó gbe àṣà yìí lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí ó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó da àrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òwe yìí jù sígbó, nítorí ìkìlọ̀ gidi ni fún ẹni tí kò tíì jalè, ó sì jẹ́ òótọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ojú aráyé ṣe ń wo ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ tí ó ń báni wí nìkan ni púpọ̀ nínú wa jogún. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí òwe olè yẹn ń sọ ni ohun tí ènìyàn rí. Kò sọ ohun tí Ọlọ́run rí, ìjọ tí ó sì sọ pé ti Ọlọ́run ni òun kò gbọdọ̀ fi ojú ọjà wo àwọn ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Pétérù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sẹ́ Olúwa rẹ̀ nínú àgbàlá olórí àlùfáà, níbi tí àwọn ìránṣẹ́ ti ń yá iná ẹyín nítorí òtútù. Nínú Ìhìnrere Jòhánù orí 21, lẹ́yìn àjíǹde, iná ẹyín mìíràn ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní etí òkun Tìbéríà, ẹja sì wà lórí rẹ̀. Ká ní àwa ni, ibẹ̀ gan-an ni à bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Jésù jẹ́ kí wọ́n jẹun tán ná, lẹ́yìn náà ni ó fi orúkọ baba rẹ̀ pè é: "Símónì, ọmọ Jónà, ìwọ fẹ́ mi ju àwọn wọ̀nyí lọ bí?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó bi í, inú Pétérù sì bàjẹ́ nígbà tí ìbéèrè náà di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nítorí náà a kò lè sọ pé ńṣe ni wọ́n bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ibì kan nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yẹn tí a ti dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà, iṣẹ́ ni a sì ń gbé lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, pé kí ó máa bọ́ àwọn àgùntàn. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 3, níbi tí Pétérù yìí kan náà ti dojú kọ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn nínú tẹ́ḿpìlì, tí ó sì wí fún wọn láìkálòlò pé wọ́n sẹ́ Ẹni Mímọ́ àti Olódodo. Ẹni tí ó ṣì ń pe ara rẹ̀ ní asẹ́nisílẹ̀ kò lè ní ẹnu láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbangba.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ìjọ ṣe lè fi ẹ̀ṣẹ̀ lẹ ènìyàn lára, ẹjọ́ Màríà Magidalénì ni ó burú jù nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí a lẹ̀ mọ́ ọn lára kò tilẹ̀ sí nínú Bíbélì. Ohun tí Lúùkù orí 8 sọ ni pé ẹ̀mí èṣù méje jáde kúrò lára rẹ̀, àti pé òun pẹ̀lú àwọn obìnrin mìíràn fi ohun ìní wọn ṣe ìránṣẹ́ fún Jésù. Jòhánù sì jẹ́rìí pé òun ni Olúwa kọ́kọ́ fi ara hàn lẹ́yìn àjíǹde. Ní ọdún 591, Póòpù Gregory Àkọ́kọ́ wàásù kan ní Róòmù, nínú èyí tí ó pa obìnrin yìí pọ̀ mọ́ obìnrin ẹlẹ́ṣẹ̀ tí a kò dárúkọ nínú Lúùkù orí 7, láti ìgbà náà ni gbogbo ìjọ ìwọ̀-oòrùn sì ti ń yàwòrán rẹ̀ bí aṣẹ́wó tí ó ronú pìwà dà. Ó di ọdún 1969 kí Ìjọ Kátólíìkì tó ya àwọn obìnrin náà sọ́tọ̀ nínú kàlẹ́ńdà ìsìn rẹ̀, ó sì di ọdún 2016 kí Póòpù Francis tó gbé ọjọ́ ìrántí rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 22 oṣù Keje, ga dé ipò àjọ̀dún bíi ti àwọn àpọ́sítélì. Àwọn ìjọ Ìlà-Oòrùn kò bá wọn ṣe àṣìṣe yìí rárá. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ilé ìjọsìn èyíkéyìí lọ́jọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ kí ẹ béèrè irú ẹni tí Màríà Magidalénì jẹ́, ẹ ó gbọ́ ìdáhùn. Ìwàásù ẹyọ kan ni ó fa gbogbo èyí.

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé Bíbélì fúnra rẹ̀ pe Ráhábù ní panṣágà, àní nínú Májẹ̀mú Titun, nínú Hébérù orí 11 àti nínú ìwé Jákọ́bù. Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì jiyàn rẹ̀. Ìwé mímọ́ kì í fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ pa mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di pé a ń ka ìran Jésù nínú Mátíù orí 1, ìyá Bóásì ni Ráhábù, kò sí àfikún kankan. Mátíù náà ńkọ́? Nínú orúkọ àwọn àpọ́sítélì tí Máàkù àti Lúùkù tò sílẹ̀, Mátíù lásán ni wọ́n pè é. Inú ìwé tí ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ gbà pé òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ nìkan ni a ti rí "Mátíù agbowó òde". Ibi tí mo dúró sí nìyí: ẹni tí ó ni ìtàn ni ó ni ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́, ní ìgbà tí ó bá fẹ́ àti níbi tí ó bá fẹ́, àwọn arákùnrin rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún un.

Ẹni tí ó bá sì sọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lè fi ṣe oore ńlá. John Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní ọdún 1725, fi ọkọ̀ ojú omi ṣòwò ẹrú ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí. Ó sọ pé ìjì líle orí òkun ní ọdún 1748 ni ó mú òun ké pe Ọlọ́run, síbẹ̀ kò fi òwò náà sílẹ̀ títí di ọdún 1754, èyí tí ó yẹ kí ó kọ́ àwọn tí ó ń yára pariwo ìyípadà ní ọ̀gbọ́n díẹ̀. Ní ọdún 1788, nígbà tí ó ti di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ ìwé pélébé kan lòdì sí òwò náà, nínú èyí tí ó ti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀rí tí ó ń gbèjà àwọn tí a ṣẹ̀ nìyẹn, ó sì yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń pe èrò sí ìsọjí.

Àwọn kan tún wà tí kò sí ẹni tí ó ń pè wọ́n ní nǹkan kan, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Gbogbo ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn nínú ìjọ yóò mọ obìnrin tí ó ṣẹ́yún nígbà èwe, tí kò sì tètè rí ọmọ bí lẹ́yìn ìgbéyàwó. Yóò ti ilé àdúrà kan bọ́ sí òmíràn, yóò gbààwẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, ó sì ti dá a lójú pé Ọlọ́run ń gba ẹ̀san ni. Kò ní lọ ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn, kò ní jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ náà lọ, nítorí ó gbà pé òun ti mọ ohun tí ó fà á. Nígbà tí ó bá yá, yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò sọ fún un pé òun rí ọmọ kan tí ó ń sunkún lójú ìran, owó ètùtù yóò sì bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ pé ohun tí ó ṣe kò tó nǹkan. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó ti jẹ́wọ́ tí a sì ti dárí jì kò sí lábẹ́ ìdálẹ́bi mọ́, gẹ́gẹ́ bí Róòmù orí 8 ti wí, àti pé ìwé Jòhánù Kìíní sọ ọ́ kedere pé bí ọkàn wa bá tilẹ̀ dá wa lẹ́bi, Ọlọ́run tóbi ju ọkàn wa lọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé Ọlọ́run ti sọ obìnrin yìí di ọmọ, ilé Ọlọ́run ni kí a wò kí a tó mọ orúkọ tí yóò máa jẹ́.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìdáríjì sá fún gbèsè. Nígbà tí Sákéù sọ pé òun yóò dá ohun tí òun fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin, Jésù kò ní kí ó má wulẹ̀ ṣe wàhálà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ó sì pè é ní ọmọ Ábúráhámù, ní ìṣojú àwọn tí ó ń ráhùn pé ilé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ó wọ̀ sí. Àwọn ìjọ bíi Deeper Life àti Apostolic Faith ti ń kọ́ àwọn ọmọ wọn tipẹ́ pé kí wọ́n dá ohun tí wọ́n jí padà, mo sì kan sáárá sí wọn lórí èyí. Ọmọ Yahoo tí ó di àtúnbí ṣì jẹ ẹni tí ó lù ní jìbìtì lówó. Ẹni tí ó bá fipá bá ọmọdé lò pọ̀, bí ó tilẹ̀ ronú pìwà dà tọkàntọkàn, ilé ẹjọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi ojú hàn, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sí ìkáwọ́ rẹ̀ láé. Pípa ìyẹn mọ́ kì í ṣe ìfẹ́, àwọn olórí ìjọ tí ó ń fi orúkọ àánú bo irú rẹ̀ mọ́lẹ̀ sì ń ṣe ibi.

Mo mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé yín, ọ̀rọ̀ yìí kò sì ṣàjèjì sí wọn. Nínú Àlùkùránì, Súrà 49, ẹsẹ̀ 11, Ọlọ́hun kọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ láti máa fi orúkọ burúkú pe ara wọn, ó sì ní orúkọ ìwà ìbàjẹ́ kò dára lẹ́yìn ìgbàgbọ́. Òfin ìjọba Nàìjíríà pàápàá ti ń tọ ọ̀nà yìí, nítorí òfin tí ó sọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di iléeṣẹ́ ìtúnwàṣe ní ọdún 2019 ní kí a fún ẹni tí ó bá yẹ ní ìwé ẹ̀rí ìwà rere nígbà tí ó bá ń jáde, kí a má sì tìtorí ẹ̀wọ̀n tí ó ṣe yà á sọ́tọ̀. Ìjọ mélòó ni ó lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ ọlọ́dẹ láìkọ́kọ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún gbogbo ìjọ?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síwájú àwọn àgbà CAN (ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni ní Nàìjíríà) àti PFN (ẹgbẹ́ àwọn ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì ní Nàìjíríà) kò pọ̀. Ẹ̀rí tí a bá ká sílẹ̀ ní ilé ìjọsìn lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò ti wà lórí Facebook àti YouTube, níbi tí ọmọ tí ẹni náà kò tíì bí yóò ti rí i lọ́jọ́ iwájú. Òfin ìdáàbòbò ìwífún ara ẹni tí a fọwọ́ sí ní ọdún 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ìyọ̀ǹda tí ó fún ẹlòmíràn lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ padà, mi ò sì rí ìdí tí ìjọ yóò fi rò pé kò kan òun. Kí àwọn ìjọ máa gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, kí wọ́n tó gbé ohunkóhun jáde, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ tí ó bá ní kí wọ́n yọ ọ́. Ní ti àwọn pátákó ìsọjí, orúkọ oníwàásù, ọjọ́, àkókò àti ibi tí ìpàdé yóò ti wáyé ti tó láti kọ síbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Àgbà ìjọ kan,
Ìbàdàn.