Ẹ̀kọ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó bébà náà, torí mo mọ̀ pé kò rọrùn lásìkò yìí. Bàbá mi ló kọ́kọ́ fi ìwé ìròyìn Yorùbá lé mi lọ́wọ́. Àgbẹ̀ ni, kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti oko dé, èmi ni yóò ní kí n máa kà á sí òun létí bó ṣe ń jẹun. Láti ìgbà náà, n kò kọ lẹ́tà sí olóòtú kankan rí. Ohun tó mú mi gbé bírò lónìí ni lẹ́tà òǹkàwé kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́, tó ní àwa olùkọ́ ìsinsìnyí kò nítara mọ́, pé àwọn tíṣà ayé ọjọ́un ló fi ọkàn ṣiṣẹ́, pé tiwa kò ju ká máa ka ọjọ́ tí owó oṣù yóò wọlé lọ.

Ó dùn mí. Mo kà á tán, mo sọ ọ́ sílẹ̀, mo tún gbé e. Ohun tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé n kò lè búra pé irọ́ ló pa, torí mo rántí ọjọ́ kan.

Ọjọ́rú ni, ní tọ́ọ̀mù kẹta, ó ti pé ọdún méjì báyìí. Kíláàsì karùn-ún ni mo ń kọ́, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Mo wọlé, mo kọ déètì sí bọ́ọ̀dù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń ro ìdá pọ̀. Mo pín ọsàn sí méjì, mo pín òmíràn sí mẹ́rin, mo yà á sójú bọ́ọ̀dù. Ọmọ 61 ló jókòó níwájú mi, gbogbo wọn ń dà á kọ, kò sẹ́ni tó wúkọ́. Mo tilẹ̀ ń rò ó nínú mi pé àwọn ọmọ yìí mà fara balẹ̀ lónìí. Ìgbà tí mo pín ọsàn náà tán ni ọmọbìnrin kan níwájú nawọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ ti kọ́ wa ní èyí lánàá. Ọsàn yẹn náà lẹ yà."

Mo gba ìwé rẹ̀. Òótọ́ ni. Bírò pupa mi wà níbẹ̀, àmì tí mo fi ọwọ́ ara mi fà wà níbẹ̀, déètì àná wà lókè rẹ̀. N kò rántí ohunkóhun nínú rẹ̀. Wákàtí kan odindi nínú ayé mi, ó ti lọ bí omi inú ajere.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé ọmọ náà ni mo jágbe mọ́. Mo ní kó jókòó, mo ní ta ló bi í. Lẹ́yìn náà ni mo jáde lọ dúró sẹ́yìn kíláàsì, lábẹ́ igi máńgòrò, mo di ẹni tó ń wo òkè lásán. Gbogbo àwọn ọmọ yòókù ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kàn ti rí i lójú mi pé kí àwọn má sọ ọ́ ni.

Ọdún 22 ni mo ti lò nídìí iṣẹ́ yìí. Òrò ni mo ti gba NCE, mo sì rántí bí inú mi ṣe ń dùn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí ní tíṣà. Mo máa ń sùn, máa jí, máa ronú bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé nǹkan kan kó lè yé ẹni tó gọ̀ jù nínú kíláàsì. Tó bá wá yé e, tó rẹ́rìn-ín, oúnjẹ ọ̀sán kì í wù mí jẹ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ ọsàn yẹn fi dẹ́rù bà mí. Mo bi ara mi pé níbo ni obìnrin yẹn wà.

Ọmọ mi kan tó wà ní yunifásítì ní Ìlọrin ló ka ohun kan sí mi létí lórí fóònù. Ó ní ohun tó ṣe mí yìí lórúkọ, àárẹ̀ iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní burnout, àti pé Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2019, pé nǹkan mẹ́ta ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n: àárẹ̀ tó tán ènìyàn lókun pátápátá, kí iṣẹ́ ẹni máa súni débi tí ọkàn ẹni fi ń sá sẹ́yìn kúrò níbẹ̀, kí ènìyàn sì máa rí i pé ohun tí òun ń ṣe kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Mo ní kó tún un kà. Ó wá fi kún un pé wọn kò pè é ní àìsàn, wọ́n ní wàhálà ibi iṣẹ́ tí kò rí ẹni bójú tó ló ń fà á. Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Ká ní àìsàn ni, wọn ìbá fún mi lóògùn kí n gbé mì, kí n padà sídìí ìṣòro náà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ló ti wá, ibi iṣẹ́ náà la ó ti wá a.

Mo wá a. Owó wà níbẹ̀, n kò ní díbọ́n. Òmù-Àrán ni mò ń gbé, ọ̀kadà ni mò ń gùn lọ síbi iṣẹ́, láti oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ mi ti lé ní ìlọ́po mẹ́ta. Iye ọmọ náà wà níbẹ̀: ìlànà ètò-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọmọ 35 ló tọ́ sí olùkọ́ kan, tèmi ń lọ sí ìlọ́po méjì. Ìwé tí à ń kó lọ sílé láti máàkì náà wà níbẹ̀, tí mo máa ń kó sínú àpò ṣaka lójoojúmọ́ bí ẹni ń ru ẹ̀bi kiri. Àmọ́ nígbà tí mo rò ó jinlẹ̀, ohun tó pa iná ara mi gan-an ni pé èmi nìkan ni. Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí agogo ìparí bá lù, kò sí àgbàlagbà kan tí mò ń bá sọ̀rọ̀ iṣẹ́. Oníṣòwò ní alábàáṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì, télọ̀ ní ọmọṣẹ́, kódà ọlọ́kadà a máa jókòó ní páàkì bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàròyé. Tíṣà ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọgọ́ta, tí yóò máa dá a rò, máa dá a ṣe, máa dá a jẹ̀bi. Tí a bá pàdé ní ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí là ń sọ.

Bàbá mi tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, kì í dá kọ ebè tirẹ̀. Àáró ni wọ́n ń ṣe. Òun àti ọkùnrin mẹ́rin ni, lónìí oko tirẹ̀, lọ́la oko ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Iye ebè tó wà nílẹ̀ kò dín kù o, ebè kan náà ni. Ṣùgbọ́n bàbá mi a máa fi orin dé láti oko àáró, ọjọ́ tó bá dá lọ, a kì í gbóhùn rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwa ọmọ rí i, a kò kàn lóye rẹ̀ ni.

Mo lọ bá olùkọ́ kíláàsì kẹrin, àbúrò mi ni lẹ́nu iṣẹ́, iyàrá wa fara kan ara. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọsàn fún un. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ńṣe ló bú sẹ́kún. Ó ní òun máa ń jókòó sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọmọ ilé-ìwé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láràárọ̀ kí òun tó lè wọ kíláàsì, àti pé ìṣirò ló ń bà òun lẹ́rù, òun a máa kọ́ wọn ní ohun tí kò yé òun fúnra òun dáadáa, àwọn ọmọ sì ń wò òun. Ọmọbìnrin yìí kan náà, tó bá ń pàlọ́, àwọn ọmọ kíláàsì mi a máa fi etí mọ́ ògiri. Èmi ńkọ́? Mo fẹ́ràn ìṣirò bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn wàrà, ṣùgbọ́n tó bá di àlọ́, ohùn mi dà bíi tẹni tó ń ka rẹ́jísítà.

Bí a ṣe dá àáró sílẹ̀ nìyẹn. Mo ní, "Àbúrò mi, kó ìṣirò kíláàsì rẹ fún mi. Gba Yorùbá kíláàsì mi." Ọ̀gá ilé-ìwé kọ́kọ́ yarí. Ó ní kí lòun fẹ́ sọ tí ìnsípẹ́kítọ̀ bá dé, tó bá tíṣà kíláàsì karùn-ún ní kíláàsì kẹrin. Mo ní, "Ẹ sọ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, sà." Ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì ká fi dán an wò. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ti di ọdún méjì, kò tíì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Lẹ́yìn èyí la mú ọ̀rọ̀ máàkì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tí àwọn ọmọ bá ti lọ, a óò jókòó sábẹ́ máńgòrò fún wákàtí kan, a óò jọ máàkì. Ohun tí a kò bá máàkì tán, ilé-ìwé ni yóò sùn. Mo tún ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ogún ọdún sẹ́yìn: n kò máàkì gbogbo nǹkan mọ́. Iṣẹ́ kéékèèké, àwọn ọmọ ń pàrọ̀ ìwé, wọ́n ń wò ó fúnra wọn bí mo ṣe ń pe ìdáhùn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé láìru àpò, ọkọ mi wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ṣé wọ́n ti dá ọ dúró ni?"

Ìtara kò padà lọ́jọ́ kan o. Ara ló kọ́kọ́ sinmi. Ó tó tọ́ọ̀mù kan gbáko kí ọkàn tó tẹ̀ lé e, ibi tó sì ti tẹ̀ lé e, n kò lérò rẹ̀ rí.

Èsìẹ́ kò jìnnà sí wa. Mùsíọ́mù ibẹ̀ ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ère òkúta tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀ látinú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò débẹ̀ rí. Ẹ bá mi tijú. Òbí kan tó ní bọ́ọ̀sì ló bá wa kó àwọn ọmọ lọ ní ìrìn méjì, àwa olùkọ́ méjèèjì tẹ̀ lé wọn. A dúró síwájú àwọn ère náà, tọkùnrin tobìnrin, èyí tó pọ̀ jù jókòó, wọ́n di irun wọn lóríṣiríṣi. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ta ló gbẹ́ wọn? Níbo ni wọ́n ti wá? Ṣé lóòótọ́ ni pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n sọ di òkúta gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́? Mo dá wọn lóhùn pé n kò mọ̀, àti pé àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tó gbẹ́ wọn. Ńṣe ni ojú wọn tàn. Ojú tèmi náà tàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti dúró níwájú nǹkan tí èmi náà ń fẹ́ mọ̀.

Ọmọkùnrin kan wá na ìka sí ère kan tó jókòó, tó tẹjú mọ́ iwájú, tí ẹnu rẹ̀ pa dé. Ó ní, "Àǹtí, èyí jọ yín lọ́jọ́ ọsàn yẹn." Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wò mí bóyá màá jágbe. Ẹ̀rín pa mí débi pé ẹni tó ń mú wa kiri ní láti gbé àga fún mi.

Olóòtú, ẹ bá mi sọ fún àwọn ọ̀gá ilé-ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kí olùkọ́ méjì tó bá fẹ́ pàrọ̀ iṣẹ́ pàrọ̀ rẹ̀. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Àwa olùkọ́ náà, ẹ jẹ́ ká yé fi àárẹ̀ ṣe ìgbéraga. Àwọn kan wà láàrin wa tó jẹ́ pé tí o bá ní ó rẹ̀ ọ́, wọ́n á ní tiwọn tún pọ̀ ju tìrẹ lọ. Ó ti pé ọdún tó lé ní ọgbọ̀n tí wọ́n ti ń ṣe Àyájọ́ Àwọn Olùkọ́ lágbàáyé ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, mo ti jó níbẹ̀, mo ti yan, mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyànjú títí etí fi dí mi. Ọ̀rọ̀ ìyànjú kì í gba ìwé kan kúrò nínú àpò ṣaka. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2022 sì ti sọ ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì olùkọ́ di 65, tàbí ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbọ́, mo dúpẹ́. Ẹ kàn bá mi bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rò pé a ó fi dé ibẹ̀.

Ní ti ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn, n kò bínú sí i mọ́. Tó bá ń gba Òmù-Àrán kọjá lọ sí Kàbà, kó yà sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí. Abẹ́ máńgòrò la máa ń wà. Kó mú bírò pupa tirẹ̀ dání, torí tiwa kì í pẹ́ tán.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kíláàsì karùn-ún,
Òmù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwara.